Ṣé àgbò láti inú ẹ̀yà olùbí-ìbejì lè sọ agbo àgùntàn mi di olùbí-ìbejì?

Ẹni tó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ ní abo àgùntàn bí ogójì, ẹ̀yà kan náà sì ni gbogbo wọn. Ó ní ọdún mẹ́fà ni òun ti ń kọ ìbímọ wọn sílẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bí, àwọn tó ń bí ìbejì kì í sì í ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lọ́dún. Ó wá rí agbo ẹ̀yà mìíràn tí ìbejì kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, tí ìbẹta pàápàá kì í ṣe ìròyìn, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò sàn ju ti agbo tirẹ̀ lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà wà, àti pé bí òun bá ra àgbò kan láti inú ẹ̀yà kejì yìí, ṣé agbo òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìbejì.

Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò sí àníàní nípa ìyẹn. Apá kejì ìbéèrè náà ni kò ṣeé dáhùn ní ẹnu kan, nítorí kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹ̀yà olùbí-púpọ̀ gbà di ohun tí wọ́n jẹ́. Òmíràn kó ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké (jíìnì ni ohun inú ara tí àbùdá fi ń ti ara òbí dé ara ọmọ) jọ fún ọ̀pọ̀ ìran, òmíràn sì jẹ́ pé jíìnì kan péré tó yí padà ló gbé e dé ibẹ̀. Àgbò láti inú irú àkọ́kọ́ àti àgbò láti inú irú kejì lè jọra lójú, kí wọ́n sì ṣe ohun tó yàtọ̀ pátápátá nínú agbo yín. Ẹnì kan tilẹ̀ lè ra àgbò kan nítorí ìbejì, kí ó sì bá àgàn pàdé ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Màá ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú palẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé ẹ̀yà kan “ń bí dáadáa”, ohun bíi mélòó kan ni a dì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ yẹn, jíìnì kan náà kọ́ ló sì ń darí gbogbo wọn. Ọjọ́ orí tí abo fi ń bàlágà wà nínú rẹ̀; abo Finnsheep tàbí Romanov, ẹ̀yà olùbí-púpọ̀ méjì, lè lóyún kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, nígbà tí àwọn ẹ̀yà mìíràn kò ní í múra tán títí di ọdún kejì. Àsìkò tí abo ń gba akọ náà wà níbẹ̀: àgùntàn tí ìran rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ òtútù láti ìgbà pípẹ́, bíi Scottish Blackface, kì í gba akọ àfi ìgbà tí ojúmọ́ bá ń kúrú, kí ọmọ rẹ̀ lè bọ́ sí àsìkò koríko tútù, Dorset ní àsìkò tó gùn ju ìyẹn lọ dáadáa, nígbà tí Hu ti ilẹ̀ Ṣáínà àti D'Man tó wà ní àwọn àfonífojì gúúsù Mòrókò lè gba akọ ní oṣù yòówù láàárín ọdún. Bóyá abo yóò lóyún rárá lẹ́yìn tí àgbò ti gùn ún tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, oúnjẹ, ìlera àti ipò tí àgbò wà ló sì ń darí ìyẹn ju ẹ̀yà lọ.

Ohun tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀, èyíinì ni iye ọmọ nínú oyún kan, ohun méjì ló ń pinnu rẹ̀: iye ẹyin tó jáde láti ilé ẹyin ní ìgbà tí abo gba akọ, àti iye nínú wọn tó dúró nínú ilé ọmọ títí di ọjọ́ ìbímọ. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà fi ń yàtọ̀ jù. Merino ti Australia sábà máa ń yọ ẹyin kan tàbí méjì. Romanov lè yọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilé ọmọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà bí ẹyin bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín èyí tó ń ṣègbé nínú wọn ń pọ̀ sí i. Abo tó yọ ẹyin márùn-ún kì í sábà bí márùn-ún.

Ẹ óò rí i pé n kò tíì dárúkọ àgbò nínú ohun tó ń pinnu iye ọmọ. Iye ẹyin abo ni, abo nìkan ló sì ń yọ ẹyin. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn olùsìn ń dá àgbò lẹ́bi pé abo bí ọmọ kan ṣoṣo. Bí àgbò náà bá ti ní àtọ̀ tó dára, kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àgbò tí ẹ bá rà lónìí kò ní í mú kí àwọn abo tí ó gùn bí ju bí wọ́n ti ń bí tẹ́lẹ̀ lọ. Ara àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni jíìnì rẹ̀ yóò ti fara hàn. Oyún àgùntàn ń tó nǹkan bí ọjọ́ 150, ọmọbìnrin yẹn yóò dàgbà, yóò gba akọ, yóò sì bí àkọ́bí, àkọ́bí kò sì tíì fi agbára rẹ̀ hàn, nítorí abo ń bí sí i bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ, títí di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Nítorí náà, ẹni tó bá ra àgbò gbọ́dọ̀ ní sùúrù ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó tó lè sọ pé ó ṣe iṣẹ́ tàbí kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú àkọ́kọ́. Finnsheep ti ilẹ̀ Finland àti Romanov, tí wọ́n sọ lórúkọ ìlú kan ní etí odò Volga ní Rọ́ṣíà, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo olùsìn mọ̀. Ọgọ́rùn-ún abo Finnsheep tó ti dàgbà lè bí ọmọ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; Romanov lè sún mọ́ 300. Jíìnì tó pọ̀, tí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré, ló kóra jọ ṣe èyí. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Nítorí pé wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí a bí láàárín ẹ̀yà méjì máa ń bọ́ sí àárín àwọn òbí rẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún abo ti ẹ̀yà yín bá ń bí 130, tí ti ẹ̀yà àgbò ń bí 260, àwọn ọmọbìnrin tí ẹ óò rí yóò máa bí bíi 195 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá tún dá àwọn wọ̀nyí padà sọ́dọ̀ àgbò ẹ̀yà yín, ti àwọn ọmọ-ọmọ yóò rọ̀ sílẹ̀ sí nǹkan bí 160. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi kó Finnsheep wọlé láti àwọn ọdún 1960: kì í ṣe láti sin ín lásán, bí kò ṣe láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún ti ẹ̀yà tó lẹ́ran lára ṣùgbọ́n tí kò ń bí púpọ̀. Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé kò sí ìyàlẹ́nu nínú rẹ̀. Ẹ lè mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra. Ohun tí kò dára ni pé ohun mìíràn ń bá a rìn: ara Finnsheep kò sanra, ọmọ tó bí pẹ̀lú ẹ̀yà ẹlẹ́ran sì ń mú díẹ̀ nínú ìyẹn.

Irú kejì ni ìtàn rẹ̀ dùn jù. Ní oko kan tó ń jẹ́ Booroola, nítòsí Cooma ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia, àwọn ọmọ ìyá kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Seears ń yan àwọn abo Merino tó bí ìbẹta àti ìbẹrin láti fi ṣe ìran. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1950, àjọ ìwádìí ìjọba CSIRO bẹ̀rẹ̀ sí í gba àgùntàn lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìbímọ àwọn àgùntàn wọ̀nyí ṣàjèjì: dípò kí àwọn ọmọ wọn bọ́ sí àárín, ṣe ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó ya ara wọn sọ́tọ̀, àwọn kan bíi Merino yòókù, àwọn kan lókè díẹ̀, àwọn kan lókè réré. Àmì jíìnì kan tó tóbi nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ sì sọ ọ́ jáde pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2001 ni ikọ̀ mẹ́ta, láìdúró de ara wọn, rí ibi tí ìyípadà náà wà: nínú jíìnì BMPR1B, ibi kan ṣoṣo tí lẹ́tà kan nínú DNA ti yí padà. FecB ni wọ́n ń pè é.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ni. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ń dàgbà nínú àpò kékeré kan nínú ilé ẹyin, ẹyin àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká sì máa ń ránṣẹ́ sí ara wọn nípa ìgbà tí àpò náà gbọ́dọ̀ gbó. Nínú àgùntàn lásán, ọ̀kan tàbí méjì ló ń tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí ó sì ń pa wọ́n rẹ́. Níbi tí FecB wà, àwọn àpò ń gbó nígbà tí wọ́n ṣì kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn lè dé ìparí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà méjì ni àgùntàn ń ní lára ọ̀pọ̀ jù lọ jíìnì rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba. Ẹ̀dà FecB kan ń fi nǹkan bí ẹyin kan àbọ̀ kún ohun tí abo ń yọ, ẹ̀dà méjì ń fi bíi mẹ́ta kún un. Ní ti ọmọ, ẹ̀dà kan ń fi bí ọmọ kan kún oyún; ẹ̀dà kejì kò tún ń fi tó ọmọ kan odidi kún un, nítorí ilé ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Merino kọ́ ló ni jíìnì yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn wò, wọ́n bá a lára Garole, àgùntàn kékeré kan tó ń gbé ilẹ̀ àbàtà Sundarbans ní Bengal, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n ti kó àgùntàn láti Bengal lọ sí Australia ní 1792 àti 1793. Nǹkan bí igba ọdún ni jíìnì náà fi fara pa mọ́ sínú agbo Merino kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Ó wà lára Hu àti Small-tailed Han ní Ṣáínà pẹ̀lú, àti lára àgùntàn Java. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, ilé ìwádìí Nimbkar tó wà ní Phaltan mú un láti ara Garole wọ inú ẹ̀yà Deccani, tí ọmọ kan ni ó sábà máa ń bí, wọ́n sì pe àgùntàn tuntun náà ní NARI Suwarna. Abo tó ní ẹ̀dà kan níbẹ̀ ń fi nǹkan bí ààbọ̀ ọmọ kún oyún, kì í ṣe ọmọ kan odidi bíi ti Merino. Ẹ fi èyí sọ́kàn: jíìnì kan náà kì í so èso kan náà lórí gbogbo ilẹ̀, ara àgùntàn tó gbé e àti oúnjẹ tó wà nílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ.

Ó wá ku jíìnì kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní New Zealand, nínú agbo Romney, wọ́n rí ìdílé kan tó ń bí púpọ̀, wọ́n sì pe jíìnì wọn ní Inverdale. Ọdún 2000 ni wọ́n fi hàn pé inú jíìnì BMP15 ló wà, lórí kírómósóòmù X, okùn jíìnì tí abo ní méjì, tí akọ sì ní ẹyọ kan. Abo tó ní ẹ̀dà kan ń yọ ẹyin kan sí i, bí ẹ bá sì kó ọgọ́rùn-ún irú abo bẹ́ẹ̀ jọ, wọn yóò bí bí ọgọ́ta ọmọ ju àwọn tí kò ní i lọ. Abo tó ní ẹ̀dà méjì yàgàn. Àwọn àpò ẹyin rẹ̀ kì í kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ìdàgbà wọn, ilé ẹyin rẹ̀ rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí oògùn tàbí oúnjẹ tó lè tún un ṣe. Jíìnì tó ń fúnni ní ìbejì ló tún ń sọ abo di àgàn, ìyàtọ̀ kò ju ẹ̀dà kan sí méjì lọ.

Irú ohun kan náà ló kọ àwọn olùdásílẹ̀ Belclare ní Ireland àti Cambridge ní England lóminú. Wọ́n ti ṣa àwọn abo tó bí ju ẹgbẹ́ wọn lọ láti oríṣiríṣi agbo, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ láti fi dá ẹ̀yà tuntun sílẹ̀, ó wá di pé àgàn ń yọjú láàárín àwọn ọmọbìnrin agbo tí ó yẹ kó jẹ́ olùbí jù lọ. Ní 2004 ni ó hàn pé ìyípadà nínú BMP15 àti nínú jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ GDF9 ni wọ́n jọ ń rìn kiri nínú àwọn ẹ̀yà méjèèjì. Iceland náà ní ìyípadà GDF9 tiwọn, tí wọ́n sọ lórúkọ abo kan, Thoka, tí wọ́n bí ní 1950. Kì í ṣe gbogbo ìyípadà GDF9 ló ń fa àgàn o; èyí tí wọ́n ròyìn ní 2013 lára àgùntàn funfun ti Norway, tí ó sì wà lára Finnsheep pẹ̀lú, kì í sọ abo tó ní ẹ̀dà méjì di àgàn. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n má fẹ́ kí ẹ gba ìyàtọ̀ tí mo ṣe láàárín irú méjèèjì bí ògiri tí a mọ: Finnsheep, tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké, ní jíìnì ńlá kan nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá wo àgbò tí ẹ fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ Finnsheep tàbí Romanov, ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí àárín, bí mo ti ṣírò rẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀dà FecB méjì, gbogbo ọmọ rẹ̀, akọ àti abo, ni yóò gba ẹ̀dà kan. Bí ó bá ní ẹ̀dà kan péré, ìdajì wọn ni yóò gbà á, ẹ kò sì ní í lè fi ojú mọ ìdajì wo ni. Bí ó bá ní Inverdale, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gba ẹ̀dà kan, kò sí ọmọkùnrin rẹ̀ tí yóò gbà á, nítorí pé X baba kì í lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin. Ó rọrùn láti lò báyìí, ó sì dára, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí àgbò náà tàbí àgbò mìíràn tó ní i padà gun àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn. Bí ó bá gùn wọ́n, ìdajì abo tí wọn yóò bí ni yóò yàgàn. Agbo kékeré, tí àgbò kan ń lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀, ni irú àṣìṣe yìí ti ń rọrùn jù.

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ kò béèrè nípa rẹ̀, mo sì rò pé òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà, nítorí ìwé ọdún mẹ́fà tí ẹ ní lọ́wọ́. Láàárín ẹ̀yà kan náà, nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí a ń rí láti abo sí abo ní ti iye ọmọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń ti inú ìran wá; ìyókù jẹ́ ti ọjọ́ orí, oúnjẹ, àsìkò àti àkọsẹ̀bá. Nítorí náà, abo tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀kan kò sọ ohun púpọ̀ fún yín, ó sì lè jẹ́ pé ó sanra ní ọdún yẹn ni. Abo tó bí ìbejì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bí ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹ bá ń mú àgbò àti àwọn abo tí ẹ óò fi rọ́pò àwọn arúgbó láti inú irú abo bẹ́ẹ̀ nìkan, ẹ lè retí ọmọ kan sí méjì sí i nínú ọgọ́rùn-ún abo lọ́dọọdún. Ó kéré, mo mọ̀, kò sì ní í ya aládùúgbò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í rá, kò sì mú àgàn tàbí ara tẹ́ẹ́rẹ́ wá.

Mo tún fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan padà: ọmọ mélòó ni ẹ fẹ́ kó yè títí ẹ ó fi gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe mélòó ni ẹ fẹ́ kí wọ́n bí. Orí ọmú méjì ni àgùntàn ní. Ìbejì máa ń fúyẹ́ ju ọmọ kan lọ nígbà tí a bí wọn, ìbẹta fúyẹ́ ju ìbejì lọ, èyí tó fúyẹ́ jù ni òtútù àti ebi sì ń kọ́kọ́ pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ inú ń gba nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìwúwo rẹ̀; abo tó gbé ìbẹta tí kò rí oúnjẹ tó ní àkókò yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi bàjẹ́, yóò wó lulẹ̀, ó sì lè kú pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé oúnjẹ agbo kejì kò sàn ju ti yín lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni wọ́n ń fún abo wọn jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kí ẹ sì béèrè iye ọmọ tó kú.

Fún agbo abo ogójì, láìsí ẹni tí yóò máa jí lóru nígbà ìbímọ, èmi kò ní í lé ìbẹta rárá. Màá yan láti inú ìwé yín fún ìdajì agbo, màá sì fi àgbò Finnsheep kan gun ìdajì kejì, kí àwọn ọmọbìnrin tó wà ní àárín lè máa bí ìbejì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ó bá jẹ́ FecB tàbí Inverdale ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu sanwó. Àyẹ̀wò DNA fún àwọn jíìnì wọ̀nyí wà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹran etí kékeré kan ló nílò, ìwé àyẹ̀wò náà sì gbọ́dọ̀ sọ orúkọ jíìnì àti iye ẹ̀dà tí àgbò ní. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ bá délẹ̀ ni kí ẹ ti fi àmì etí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí i lára, nítorí bí wọ́n bá ti dàgbà tán nínú agbo, kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.